Ìdí Tí Ìdí Fi Ń Dùn Wá Lórí Alùpùpù

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun power bike wá sí kíláàsì, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lónìí. Ẹ ti pààrọ̀ sàlẹ́ńsà kó lè máa bú ramúramù, ẹ ti lẹ sítíkà mọ́ táńkì, ẹ ti ra iná aláwọ̀ búlúù. Ìjókòó tí ìdí yín wà lórí rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ ńkọ́? Ẹ ò ná kọ́bọ̀ lé e lórí. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ tán, ẹ ó máa rìn bí arúgbó.

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo ra tòkunbọ̀ kan, mo sì ń gùn ún láti Bàrúwà, gba Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, títí dé Ìyànà Ìbà. Kí n tó dé Ìgàndò, ọwọ́ mi méjèèjì á ti kú. Mo rò pé ọ̀nà ló fà á. Ọ̀nà burú lóòótọ́, àmọ́ ìjókòó ló jẹ̀bi jù.

Eré sísá ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe irú alùpùpù yìí. Ìjókòó rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó le, ó sì dà síwájú. Bí ẹ bá ti tẹ búrèkì, ara á yọ̀ lọ bá táńkì, ọwọ́ á wá máa gbé ẹrù tó yẹ kí ìdí gbé. Ọwọ́ tó ti kú kò lè tètè tẹ búrèkì nígbà tí dánfó bá já wọ iwájú ẹni lójijì. Nítorí náà, ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ ìgbádùn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ tún un ṣe, mo ní kí ẹnì kan to fóòmù tó rọ̀ bíi bùrẹ́dì lé e. Ìjókòó ga sókè, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ dáadáa mọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, mo na ẹsẹ̀, n ò bá ilẹ̀. Èmi àti alùpùpù jọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá alákàrà. Kò pẹ́ kò jìnnà, fóòmù náà pẹlẹbẹ, mo tún padà sórí ike tó wà nísàlẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́gbọ́n pé rírọ̀ kọ́ ni ìtura. Fóòmù tó ki, tó lè gbé egungun ìdí méjèèjì dúró, ló ń pẹ́. Kí ẹ̀yìn ìjókòó fẹ̀, kí iwájú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹsẹ̀ lè kanlẹ̀. Kó tẹ́jú, kó má dà síwájú. Kí awọ tí wọ́n máa fi bò ó má ṣe yọ̀, kí ojú rírán má sì gba àárín kọjá, torí á máa ha ni, òjò á sì máa gba ibẹ̀ wọlé.

Àwọn kan ní òkè òkun nìkan ni ìjókòó gidi wà. N ò bá wọn jiyàn pé wọ́n mọṣẹ́ níbẹ̀. Láti ọdún 1968 ni Corbin ti wà ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ ó sanwó kí ẹ tó jókòó lé e, ẹ ó san ti ẹrù kíkó, bí kò bá sì bá ìdí yín mu, ta lẹ fẹ́ dá a padà fún?

Nígbà tí ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 ní Oṣù Kẹfà ọdún 2022, tí wọ́n tún fi 4 kún un ní Oṣù Kẹsàn-án, Alímọ̀ṣọ́ kò sí nínú wọn. Àwọn ọlọ́kadà ṣì wà ní Bàrúwà, àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni wọ́n ń jókòó. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó ń rán ìjókòó wọn. Ọwọ́ bàbá kan nínú wọn ni mo ti gba àmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ fún mi: "Ọmọ mi, jókòó lé fóòmù náà kí wọ́n tó fi awọ bò ó. Gùn ún fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí o tó san owó tó kù." Mo fi tèmi kún un: ẹ wá ike àlòkù rán an sí, kí ẹ tọ́jú ìjókòó àtilẹ̀wá. Bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ tà á lọ́la, ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà lápò ṣòkòtò. Owó sàlẹ́ńsà tó kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi rán ìjókòó.