Ohun Tí Ó Ń Mú Ògì Kan

Bí a bá fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan ahọ́n, tàbí tí a tọ́ omidùn ògì ọlọ́jọ́ mẹ́ta wò, ojú ẹsẹ̀ ni a ó mọ̀ pé ó kan. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn àgbà wa lò fún méjèèjì, wọn kò sì ṣì í sọ, nítorí ohun kan náà ni ó wà nínú wọn. Ìwé tí àwọn ọmọ wa ń kà ní èdè Faransé pè é ní ion hydrogène.

Háídrójìn ni átọ́ọ̀mù tí ó fúyẹ́ jù lọ. Prótọ́ọ̀nù kan sábà máa ń dá wà ní àárín rẹ̀, pẹ̀lú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà bá bọ́, prótọ́ọ̀nù nìkan ni ó kù: òun ni íọ́nù háídrójìn. Svante Arrhenius, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, ni ó ṣàlàyé ní ìgbà tirẹ̀ pé ásíìdì ni ohun tí ń tú íọ́nù yìí sílẹ̀ nínú omi.

Òṣùwọ̀n pH, tí Sørensen ará Dẹ́nmáàkì gbé kalẹ̀ ní 1909, ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Omi tí kò lábùlà wà ní 7. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà ní nǹkan bí 2. Bí òǹkà náà bá fi 1 dín, íọ́nù ti di ìlọ́po 10. Nítorí náà, íọ́nù inú omi ọsàn tó ìlọ́po 100 000 ti inú omi lásán.

Bí a bá rẹ àgbàdo, àwọn kòkòrò tín-ín-tín tí ojú kò rí a máa sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ásíìdì. pH a wálẹ̀ dé nǹkan bí 4, ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn kò sì ní lè gbèrú níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ògì kíkan kì í fi í tètè bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n íọ́nù tí ń dáàbò bo ògì yìí náà ni ó ń jẹ irin. Ó ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀, irin a sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú oúnjẹ. Kí a má ṣe jẹ́ kí ògì sùn nínú ìkòkò alumíníọ̀mù, pàápàá èyí tí a fi àlòkù irin rọ, nítorí òjé lè wà nínú rẹ̀. Ìkòkò amọ̀ tàbí ike tí a ṣe fún oúnjẹ ni ó yẹ ẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ ń kọ́ chimie, ẹ ṣàlàyé èyí fún àwọn ìyá tí ń sẹ́ ògì, kí ẹ sì bi wọ́n bí wọ́n ti ń mọ̀ pé ó kan tó. Ẹ̀kọ́ wà lọ́dọ̀ tọ̀tún tòsì.