Ẹ̀mí Kò Ní Ṣéńjì

  

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa lọ́jà, ọ̀rọ̀ olè la fẹ́ sọ, àti ọ̀rọ̀ òfin tó ní kí ìjọba máa pa èèyàn. A mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ adigunjalè láàárín wa, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ ni pé, "Kí wọ́n pa wọ́n dànù!" A ò bá ẹnikẹ́ni jà fún un. Ẹni tí wọ́n dá lọ́nà nígbà tó ń ti Òkè-Ọya bọ̀, tí wọ́n gba owó ọjà tó yá lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n tún fi ìdí ìbọn gbá a lórí, ta ló máa sọ fún un pé kó má bínú? Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ délé mọ́. Ọmọ wọn ló jókòó sí ìsọ̀ báyìí. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí a ti rò ó síwá sẹ́yìn, ohun tí àwa rí ni pé òfin tó ní kí wọ́n pa èèyàn kò dára, ó sì yẹ kó kúrò nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa ná.

Ẹ jẹ́ ká fi òwò wa wò ó. Bí a bá ṣi owó oníbàárà kà, a máa pè é padà, a ó fún un ní ṣéńjì rẹ̀. Bí a bá wọn gàrí tí kóńgò ò kún, a máa bù sí i. Bí aṣọ tí a tà bá lójú tó ya, a máa pààrọ̀ rẹ̀. Àṣìṣe ọjà ní àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò ní ṣéńjì. Bí ẹyin ló rí, bó bá balẹ̀, kò ṣe é kó mọ́. Adájọ́ lè ṣi ẹjọ́ dá, èèyàn ni. Ọlọ́pàá lè mú ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹlẹ́rìí lè purọ́. Bí ẹni náà bá wà lẹ́wọ̀n, a lè ṣílẹ̀kùn fún un, ká sì bẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ti yẹgi fún un ńkọ́? Ta la fẹ́ bẹ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ, ojú wa ló ṣe. Ní 1984, ìjọba ológun ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní Decree 20. Òfin náà ní kí wọ́n máa yìnbọn pa ẹni tó bá ń ṣòwò oògùn olóró. Wọ́n tún fa òfin náà sẹ́yìn, débi pé ó mú ẹ̀ṣẹ̀ tó ti ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́. Ní April 1985, wọ́n yìnbọn pa Bartholomew Owoh, Lawal Ojuolape àti Bernard Ogedengbe ní Èkó. Ní August ọdún yẹn kan náà, ìjọba yí padà. Nígbà tó di 1986, wọ́n yọ ìjìyà ikú kúrò nínú òfin náà, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yin ará, òfin ṣe é yí padà. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta yẹn ò padà wá.

Èyí tó tún sún mọ́ wa ni ti ọmọ Ọ̀ṣun tí gbogbo rédíò gbé ní 2024. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí wọ́n mú un ní 2010. Ilé ẹjọ́ ní ó digun jalè, adìẹ àti ẹyin sì wà lára ohun tí wọ́n ní ó kó. Ní 2014, wọ́n dájọ́ ikú fún un. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló fi ń jí lójoojúmọ́, tí kò mọ̀ bóyá òní ni wọ́n máa wá pe òun. December 2024 ni Gómìnà Adeleke tó dá sí ọ̀rọ̀ náà, tí ìdáríjì fi dé. Ẹ bá wa rò ó: ká ní gómìnà kan ti buwọ́ lu ìwé ikú rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, ìyá rẹ̀ ì bá máa sunkún títí di òní.

Àwọn kan á ní, "Bí wọn ò bá pa wọ́n, ẹ̀rù ò ní ba àwọn tó kù." Ó dáa, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 1970, ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, ìjọba ṣòfin pé kí wọ́n máa pa adigunjalè. Ní 1971, wọ́n yìnbọn pa Oyenusi ní Bar Beach l'Ékòó, èrò tó lọ wòran lọ súà. Ṣé olè wá tán? Bó bá tán, níbo ni Anini ti wá ní 1986, tó dààmú gbogbo Benin? Wọ́n pa òun náà ní March 1987, wọ́n sì pa George Iyamu, ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń bá a ṣe, mọ́ ọn. Láti ìgbà yẹn ńkọ́, ṣé a ti lè máa rìnrìn àjò òru láìbẹ̀rù? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Olè tó ń jáde nílé kò rò pé ọwọ́ máa tẹ òun. Èyí tó wá burú jù ni pé olè tó mọ̀ pé ikú ni bí wọ́n bá mú òun, kì í fẹ́ fi ẹni tó rí ojú òun sílẹ̀ láàyè. Òfin tí wọ́n ní ó ń dáàbò bò wá lè jẹ́ òun ló ń fa ikú wá sọ́dọ̀ wa.

"Ẹni tó pa ọmọ mi ńkọ́?" Ìbéèrè ńlá nìyẹn, a ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹni tó pààyàn, kó má rí ìta mọ́. Ẹ̀wọ̀n gbére ni kí wọ́n fún un, kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó máa rántí ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá pa á, kí ló délé olóòkú? Okùn tí wọ́n fi yẹgi kò san owó ilé ìwé ọmọ òrukàn. Kò san gbèsè tí ìyá wọn jẹ lọ́jà. Ìyá kan tún wà níbòmíràn tí wọ́n sọ di ẹni tí ọmọ kú mọ́ lójú. Ẹkún di méjì, oúnjẹ ò pọ̀ sí i.

Ẹ tún wo àwọn tí ìdájọ́ yìí ń bá. Ó ju 3,000 èèyàn lọ tó ń retí ikú lẹ́wọ̀n ilẹ̀ wa ní 2024. Mélòó nínú wọn lọmọ olówó? Ẹni tó lówó á gba lọ́yà mẹ́ta, ẹjọ́ á máa lọ, á máa bọ̀. Ọmọ aláàárù, ọmọ ẹni tó ń ta ata gígún, ló máa dúró níwájú adájọ́ láìlówó tó máa fi gba agbẹnusọ. Àwa la ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa.

Àwa tí à ń lọ Dantokpa ní Kútọnu, tí à ń lọ Lómé lọ ra aṣọ, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ ti fi òfin yìí sílẹ̀. Togo pa á rẹ́ ní 2009. Ní Benin, ilé ẹjọ́ tó ń mójú tó òfin ìlú sọ ní 2016 pé wọn ò gbọ́dọ̀ dájọ́ ikú fún ẹnikẹ́ni mọ́, nígbà tó sì di 2018, wọ́n sọ ìdájọ́ àwọn mẹ́rìnlá tó kù di ẹ̀wọ̀n gbére. Ní 2023, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ghana dìbò láti yọ ọ́ kúrò fún ẹ̀sùn ìpànìyàn. Ọjà wọn ò tú. À ń lọ, à ń bọ̀, a rí i.

Ó ku ti ọwọ́ àwa fúnra wa. Ariwo "Olè! Olè!" tí a máa ń pa, tí wọ́n á fi wá táyà àti bẹntiróòlù, ìdájọ́ ikú nìyẹn náà, kódà ó burú ju ti ìjọba lọ, nítorí kò sí adájọ́, kò sí ẹlẹ́rìí. Ní October 2012, àwọn èrò pa akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin ní Aluu, lẹ́bàá Port Harcourt, torí wọ́n ní olè ni wọ́n. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn èrò yẹn ò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta la fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nípàdé. Èkíní, bí ọwọ́ bá tẹ olè lọ́jà wa, kí a mú un lọ sọ́dọ̀ Ìyálọ́jà, kí wọ́n sì fà á fún ọlọ́pàá. Ẹni tó bá ta táyà tàbí bẹntiróòlù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹgbẹ́ pè é lẹ́jọ́. Èkejì, nígbà tí àwọn aṣòfin bá wá tọrọ ìbò wa, kí a bi wọ́n ní ojú gbogbo ayé pé ṣé wọ́n á fi ẹ̀wọ̀n gbére rọ́pò ikú. Ẹ̀kẹta, kí a ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ẹgbẹ́ fún ọmọ àwọn tí olè bá pa nínú wa. Ìyẹn ló máa fi hàn pé a ò gbàgbé olóòkú.

Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú wa, kó wá sọ tirẹ̀ nípàdé, a ó gbọ́. Ajé á wá o.