Orúkọ Tó Wu Ni

Ọkùnrin kan wà ní Third Avenue ní Gwarinpa, ní Abuja, tó ń lẹ táyà. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni. Àlàní ni oríkì rẹ̀, ṣùgbọ́n Sani ni gbogbo oníbàárà ń pè é. Ẹni àkọ́kọ́ tó pè é bẹ́ẹ̀ ṣì í gbọ́ ni, òun náà kò tún un ṣe, ọdún sì ń gorí ọdún. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ gbé afẹ́fẹ́ sí táyà mi, bàbá arúgbó kan láti Ìbàdàn gbọ́ ohùn ará òkè lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé Yorùbá ni ẹ́ ni, Sani?" Ó dọ̀bálẹ̀: "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Àlàní ni mò ń jẹ́." Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹn-ẹn! Orúkọ tó wu ni là ń jẹ́ lẹ́yìn odi."

Òwe náà kò le. Odi ni ògiri amọ̀ tí àwọn baba wa mọ yí ìlú ká nítorí ogun. Nínú odi, ta ni kò mọ bàbá rẹ? Bí o bá ní Adéwálé lò ń jẹ́, ìyá àgbà kan á ní irọ́ ni, ojú òun ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Akínwùmí. Ṣùgbọ́n bí o bá ti ré kọjá ẹnubodè, ẹnu ara rẹ nìkan ni ẹlẹ́rìí rẹ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹ̀fẹ̀ la sábà máa ń fi òwe yìí ṣe, tí a ń sọ ọ́ sí ẹni tó kúrò nílé ní Múfútàù tó dé ní Mike. N kò bá bàbá jiyàn, ẹgbẹ́ mi kọ́. Àmọ́ ọkàn mi ti lọ sí Bahia.

Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì ń lọ sópin, àwọn ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira dìde ogun ní ìlú Salvador ní Bahia, ní Brazil. Ọmọ Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn, Mùsùlùmí ló sì ṣíwájú. Àwọn tó jà tó nǹkan bí 600. Ẹnìkan ti tú àṣírí wọn kí àsìkò tó tó, ogun náà kò sì ju wákàtí díẹ̀ lọ. Lára ibi tí wọ́n kọ́kọ́ kọlù ni ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà lábẹ́ gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ ìlú, nítorí àgbàlagbà kan tí wọ́n fẹ́ yọ níbẹ̀. Pacífico Licutan ni wọ́n ń pè é.

Àlùfáà ni Licutan, iṣẹ́ tábà ló ń ṣe. Dókítà kan ló ni ín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn Mùsùlùmí dá owó jọ láti rà á padà, ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà náà kọ̀. Nígbà tí gbèsè wọ dókítà lọ́rùn, wọ́n mú ẹrú rẹ̀, wọ́n tì í mọ́lé títí wọn yóò fi tà á ní gbàǹjo. Ẹ gbọ́ ná: ẹlòmíràn jẹ gbèsè, òun ló ń ṣẹ̀wọ̀n. Inú ẹ̀wọ̀n náà làwọn èèyàn ti ń wá kúnlẹ̀ fún un kó súre fún wọn. Nígbà tí ogun fọ́, tí wọ́n ń kó àwọn tí ọwọ́ tẹ̀ wọlé, ẹlẹ́wọ̀n kan jẹ́rìí pé bàbá náà doríkodò, ó ń sunkún.

Adájọ́ bi í lórúkọ. Ó ní Bilal. Adájọ́ ní irọ́ ni, Licutan ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Ó fèsì pé òótọ́ ni pé Licutan ni wọ́n ń pe òun, ṣùgbọ́n òun lè jẹ́ orúkọ tó bá wu òun.

Òwe wa nìyẹn, àfi pé kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti lọ ilé kéwú mọ Bilal: ẹrú adúláwọ̀ tí olówó rẹ̀ gbé òkúta lé láyà nínú oòrùn Mẹ́kà kó lè sẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀, tí kò sẹ́ ẹ, tó sì di ladánì àkọ́kọ́ fún Ànábì. Arúgbó tó ń fi orúkọ yẹn dá àwọn olówó ẹrú lóhùn mọ ohun tó ń wí. Ẹgba 1,200 ni wọ́n dá fún un, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wọ̀n ló wà lóru ogun.

Àwọn mẹ́rin ni wọ́n yìnbọn pa ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún. Àjàyí wà nínú wọn, ẹni tó ti gba òmìnira. Jorge da Cruz Barbosa ni akọ̀wé kọ, ó wá fi "Ajahi" tì í. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn mìíràn tí wọ́n kó sọdá òkun: ará Ireland tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá lẹ́bi, tí wọ́n ń kó lọ sí Australia láti ọdún 1791, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni wọ́n fi dá a lẹ́jọ́, òun náà ló bá a wọkọ̀. Lónìí, àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ lè jókòó sí Sydney kó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà. Ẹni tó bá ń wá Àjàyí tiwa, Jorge ló máa kọ́kọ́ pàdé.

Orúkọ ìran wa gan-an, ta ló sọ wá? Nagô ni wọ́n kọ ní Bahia, ìyẹn Anàgó tí àwọn Fọ̀n ń pè wá. Ní Freetown wọ́n sọ wá ní Aku, nítorí "ẹ kú" tí kì í kúrò lẹ́nu wa. "Yorùbá" tí a fi ń yangàn yìí, ẹnu Haúsá ló ti wá, Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi ń pè kó tó kárí gbogbo wa. Ó ti wá wù wá, a sì ti gbà á.

Ti àwọn onílẹ̀ tó gbà wá sí Gwarinpa tún yàtọ̀. Gbagyi ni wọ́n ń pe ara wọn, Gwari ni Haúsá ń pè wọ́n, Gwari yìí náà ló sì wà lórí pátákó tí gbogbo mọ́tò ń kọjá. Àwọn kò re àjò kankan. Nígbà tí ìjọba ológun ṣòfin Abuja ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, orí ilẹ̀ baba wọn ni wọ́n wà. Ẹ̀yìn odi ló ṣí wá bá wọn nílé.

Ẹ má sì rò pé orúkọ àjèjì fúnra rẹ̀ ló burú. Lẹ́yìn ogun ọdún 1835 yẹn, ìjọba Bahia kó ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ti gba òmìnira sọ́kọ̀ òkun, wọ́n lé wọn padà sí Áfíríkà. Ọkọ̀ kan kó wọn dé Ouidah lọ́dún náà. Àwọn mìíràn fẹsẹ̀ ara wọn tẹ̀ lé wọn ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn la ń pè ní Àgùdà l'Ékòó. Kò sí olówó tó dúró tì wọ́n mọ́, wọ́n lè di Àjàyí padà ní ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Da Rocha, Pereira, Cardoso: orúkọ tí wọ́n mú bọ̀ ni wọ́n fi sọ ilé, òun làwọn ọmọ wọn sì ń jẹ́ títí dòní. Bí bàbá Ìbàdàn yẹn bá pàdé wọn, n kò mọ̀ bóyá á rẹ́rìn-ín.

"Wù" ni ọ̀rọ̀ tí a máa ń sáré kọjá nínú òwe yìí. Ó wu Licutan ló fi di Bilal. Nagô kò wu ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí bàbá lọ tán, mo bi Àlàní bóyá Sani wù ú. Ó ń fi ọṣẹ wá ibi tí táyà ti ń jò, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Bí táyà yín bá jò ní Third Avenue, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í kí ẹ tó pè é.