Ọmọ Mi Ti Kọ Oṣù Tí Yóò Di Obìnrin Sínú Ìwé

  Ìjù, lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ní Ọ̀tà, ni lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yìí ti wá. Ìyá kan tó ń ta èlò ọbẹ̀ ló kọ ọ́. Ó ní kí n má dárúkọ òun, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ ọmọ náà pẹ̀lú. Ẹ gbọ́ ohun tó kọ:

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Àkọ́bí mi ọkùnrin wà ní yunifásítì, ọdún kẹta ló wà nínú mẹ́rin. Nígbà tó wálé fún ìsinmi, mo fẹ́ bá a fọ aṣọ, ni mo bá rí páálí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí mẹ́rin nínú báàgì rẹ̀. Mo rò pé ọmọbìnrin kan ló ń kó o fún. Mo bi í, ó bú sẹ́kún. Ó ní òun gan-an lòun ń lò ó, ẹyọ mẹ́ta lójúmọ́, pé láti kékeré lòun ti mọ̀ pé obìnrin lòun nínú. Ó mú ìwé kan jáde, ó ti fi bírò kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: oṣù tí òun yóò bẹ̀rẹ̀ oògùn, oṣù tí òun yóò jẹ́ kí irun gùn, oṣù tí òun yóò yí orúkọ padà, pé kí òun tó sin ìlú tán, gbogbo rẹ̀ á ti parí. Ó ní bí òun bá dúró dìgbà tí òun bá jáde ìwé, ó ti pẹ́ jù. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin, kò tíì mọ̀. Ṣé kí n jẹ́ kó máa bá a lọ ni, àbí kí n ní kó dúró? Bí yóò bá dúró, dìgbà wo?”

Hẹ̀n! Ìyá, ẹ kú àìsùn.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Nígbà tí mo kà á tán lẹ́ẹ̀kíní, mo gbé e sílẹ̀, mo lọ mu omi. Ìgbà tí mo tún un kà ni ohun kan tó hàn sí mi. Ẹ kò bi mí bóyá kí ẹ lé e jáde. Ẹ kò bi mí ní ilé wòlíì tí wọ́n ti lè fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́lẹ̀. Ìgbà lẹ bi mí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìgbà ni n óò sọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà lórí ìyókù, ojú ìwé lẹ́tà wà níbẹ̀, kó kọ̀wé.

Ohun tí kò lè dúró di ọ̀la ni oògùn inú báàgì yẹn. Ẹ má jẹ́ kó lo ẹyọ kan mọ́ láìrí dókítà. Nínú ọ̀pọ̀ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, irú họ́mónù obìnrin kan wà tó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, àgàgà bí èèyàn bá ń dá a lò lọ́pọ̀, àgàgà tó bá tún ń mu sìgá. Ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ẹsẹ̀ lè ṣí, kó lọ há sínú ẹ̀dọ̀fóró, òjijì ló sì máa ń pa èèyàn. Ẹ wo ẹsẹ̀ ọmọ náà fún mi. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tí èkejì kò wú, tí ó ń gbóná, tí ó ń dùn ún lẹ́yìn ojúgun. Tàbí kí àyà máa dùn ún, kí ó máa mí gúlegúle, ẹ má dúró gba àgbo. Ọsibítù ni, lóru tàbí lọ́sàn-án.

Ní àwọn ìlú tí àwọn dókítà ti ń ṣe irú ìtọ́jú yìí, oògùn mìíràn ni wọ́n ń lò. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, lẹ́yìn oṣù mélòó kan wọ́n á tún un yẹ̀ wò. Kò sí ẹni tí kẹ́místì ń wọn oògùn fún bí ẹni ń wọn gàrí. Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa họ́mónù wà ní àwọn ọsibítù ńlá ti yunifásítì. Bí wọn kò bá tilẹ̀ fún un ní ohun tó ń fẹ́, wọ́n á sọ ohun tí oògùn yẹn ti ṣe sí i lára. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé orí rẹ̀ ló dàrú. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò nínú ìwé àrùn ọpọlọ, wọ́n gbé e sí abẹ́ orí mìíràn, ìwé tuntun náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wo ìṣirò tí ọmọ náà ṣe. Mo kan sáárá sí i pé ó jókòó, ó ronú. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò pé. Họ́mónù kì í ṣe aṣọ tí tẹ́lọ̀ á ní kí ẹ wá gbà á ní Sátidé. Ọmú a máa bẹ̀rẹ̀ sí yọ láàrin oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ó sì lè tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta kó tó dúró. Tó bá ti yọ, kò ní padà. Ohùn tó ti ki, oògùn yìí kò lè sọ ọ́ di tínrín. Irùngbọ̀n kò ní kúrò. Agbára láti bímọ sì lè lọ, kó má padà mọ́. Ẹ bi í bóyá ó kọ èyí sínú ìwé rẹ̀, nítorí ní ibi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ yìí, ìbéèrè ọmọ bíbí ni wọ́n ń kọ́kọ́ bi èèyàn kó tó fi oògùn kan ẹnu.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé bó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kẹta, ara á ti máa sọ̀rọ̀ ní ọdún kẹrin. Kó tó dé àgọ́ àgùnbánirọ̀, ẹ̀wù funfun tí wọ́n ń fún wọn níbẹ̀ kò ní bo ohunkóhun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń lò ní àgọ́, ilé ọkùnrin lọ́tọ̀, ilé obìnrin lọ́tọ̀, ohun tí ilé ẹ̀kọ́ bá sì kọ ránṣẹ́ nípa ọmọ ni wọ́n á fi pín in. Ní Nàìjíríà, kò sí òfin tó jẹ́ kí èèyàn yí ọkùnrin padà sí obìnrin nínú ìwé ìjọba. Ní South Africa, òfin bẹ́ẹ̀ ti wà láti 2003. Ní Britain, láti 2004. Tiwa kọ́. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2014 kò dárúkọ ẹni tó ń yí ara padà, ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin ló dá lé. Ṣùgbọ́n ṣé àwọn ọmọ ìta tó wà ní Sàngó ń ka òfin kí wọ́n tó gbá èèyàn mọ́lẹ̀ ni?

Mo mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde lọ́jà, orúkọ Bobrisky ni ẹnu gbogbo èèyàn yóò gbà. Ẹ jẹ́ kí n yanjú ìyẹn kíá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ ní Èkó rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, ọ̀rọ̀ owó náírà tó ń fọ́n lóde ìnáwó ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ. Nígbà tí adájọ́ bi í pé kí ló jẹ́, ó ní ọkùnrin lòun. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìyẹn, ẹ má fi wọn ọmọ yín. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé Yorùbá kò rí ọkùnrin nínú aṣọ obìnrin rí. Ta ló ń wọ ìró, tó ń gbé ọmú igi, tó ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́? Ta ló ń di irun orí bí obìnrin nídìí Ṣàngó? Òótọ́ ni pé orò nìyẹn, kì í ṣe ohun tí ọmọ yín ń sọ. Mo kàn ní kí ẹ má bẹ̀rù ariwo ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ẹnì kan fún yín, nítorí òun náà fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé kíkà. Michael Dillon ni, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n bí i ní 1915. Obìnrin ni wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Ó lọ sí Oxford, ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin ló wà níbẹ̀, ó ka ìwé rẹ̀ tán. Ní 1939 ló rí dókítà kan fún un ní họ́mónù ọkùnrin. Dókítà yẹn ní kó kọ́kọ́ lọ rí oníṣègùn ọpọlọ. Ẹ gbọ́ o! Oníṣègùn ọpọlọ yìí lọ fẹnu bà á káàkiri, gbogbo ìlú gbọ́, Dillon sì sá lọ sí Bristol. Níbẹ̀, ó ríṣẹ́ sí ilé àwọn mẹkáníìkì, ó ń wa ọkọ̀ tó ń fa mọ́tò tó bà jẹ́. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin náà mọ ẹnu àwọn ọmọṣẹ́ yín. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, irùngbọ̀n yọ, àwọn oníbàárà ń rí ọkùnrin, ni ọ̀gá bá pàṣẹ pé kí gbogbo wọn máa pè é bí ọkùnrin kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ oníbàárà lójú. (Ní tiwa, ọ̀gá kò ní nílò àṣẹ kankan. “Ó ń bọ̀” là ń wí, fún ọkọ, fún aya.)

Ẹ wá wo bó ṣe to tirẹ̀. Ní 1944, ó yí ìwé ìbí rẹ̀ padà. Ìgbà tí ìwé ti dúró ló tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Dublin ní 1945, gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin. Olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ kan ló bá a bẹ Oxford kí wọ́n tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe, kí ilé ẹ̀kọ́ obìnrin má baà tú u fó. Láàrin 1946 sí 1949, ìgbà ìsinmi ló ń lò láti lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún iṣẹ́ abẹ, ó ju ìgbà méjìlá lọ. Bó bá padà dé tó ń tiro, á ní ọgbẹ́ ogun ni. Ó jáde ní dókítà ní 1951. Ọdún méje lẹ́yìn náà, ìwé méjì tó ń kọ orúkọ ìdílé olóyè sílẹ̀ kò bára mu: ọ̀kan pè é lọ́kùnrin, èkejì pè é lóbìnrin. Àwọn oníwèé ìròyìn bá a dé inú ọkọ̀ ojú omi tó ti ń ṣe dókítà. Ó sá lọ sí Íńdíà, ibẹ̀ ló kú sí ní 1962. Iṣẹ́ abẹ kọ́ ló lé e kúrò nílùú. Ìwé ni, àti ẹnu.

Nítorí náà, ìyá, èsì mi rèé. Ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ dúró láti rí dókítà, lọ́sẹ̀ yìí ni, kí ẹ̀yin fúnra yín sì bá a lọ. Ìyípadà tí ojú ayé ń rí, kó fi í sílẹ̀ títí ìwé ẹ̀rí yóò fi wọ ọwọ́ rẹ̀, tí yóò sì sin ìlú tán. Mo mọ̀ pé ọdún méjì máa ń gùn lójú ọmọ ogún ọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ lè wá iṣẹ́, ó lè gba ìwé ìrìnnà, ó lè yan ibi tí yóò gbé. Ẹni tó sá kúrò ní yunifásítì láàrin ọdún kẹta, ojú títì ni.

Ti orúkọ, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ẹ kò kọ orúkọ rẹ̀ sí mi, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Ayọ̀délé tàbí Olúwaṣeun tàbí Táíwò, tọkùnrin tobìnrin ló ń jẹ́ ẹ. Oríkì ló máa ń ya Àkànní sọ́tọ̀ fún Àbẹ̀kẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í kọ oríkì sí ìwé WAEC.

Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má sọ fún un lówùúrọ̀ tó bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé. Ẹ jẹ́ kó sùn, kó jẹun. Ẹ sọ fún un lọ́jọ́ tí ọmọ bá ti padà sílé ẹ̀kọ́, tí owó ilé ẹ̀kọ́ sáà yẹn sì ti wọlé. Ọgbọ́n ọlọ́jà ni mo fi kọ́ yín yìí, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin ni kí ó ti gbọ́, kì í ṣe lẹ́nu aládùúgbò. Ẹ má sì sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ẹ ti rí ohun tí ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ṣe fún Dillon.

Ìwọ ọmọ náà, bí ìyá rẹ bá ka èyí sí ọ létí: obìnrin tó ń ta ata tó fi rán ọ lọ sí yunifásítì béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ mi, kò béèrè bí yóò ṣe kọ̀ ọ́. Fún un ní àwọn páálí yẹn.

Ìyá, bí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹni tó kọ̀wé láti Agége lórí owó èsúsú tó há, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni tiyín.