Ilé Tí A Fi Itọ́ Mọ àti Bẹ́ǹṣì Gbẹ́nàgbẹ́nà

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ilé amọ̀ ni òwe yìí ń sọ, ó sì yẹ kí a kíyè sí ohun tó yàn láti wó ilé náà. Kò dárúkọ ìjì, kò dárúkọ àgbàrá. Ìrì ló dárúkọ, omi díẹ̀ tó ń sẹ̀ lóru láìsí ariwo, tí oòrùn àárọ̀ yóò sì gbé kúrò. Àwọn tó ń mọlé láyé àtijọ́ mọ̀ pé omi púpọ̀ la fi ń po amọ̀, pé ẹsẹ̀ la fi ń tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná, pé ipele kan la sì ń mọ lẹ́ẹ̀kan, tí a ó dúró kí ó gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tó tutọ́ sí amọ̀ dípò omi ti dín iṣẹ́ kù níbi tí ojú kò ti ní rí i. Ògiri rẹ̀ yóò dúró lọ́jọ́ ìṣílé. Nǹkan kékeré tó ń padà wá lójoojúmọ́ ni yóò tú àṣírí rẹ̀.

Bẹ́ǹṣì tí gbẹ́nàgbẹ́nà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ jẹ́ ibì kan tí òwe yìí ti ń ṣẹ lójú ẹni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ igi nínú ilé ara rẹ̀, yálà ní ẹ̀yìnkùlé tàbí níbi ìgbọ́kọ̀sí, a máa kánjú láti dé orí àga àti àpótí tó wù ú láti kàn. Yóò ra pákó 2 by 3, yóò fi ìṣó kan ẹsẹ̀ mẹ́rin, yóò tẹ́ pákó lé e lórí, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àpò sìmẹ́ǹtì méjì lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn kí ó má ṣe é ní nǹkan kan, èyí ló sì ń tan ẹni tó kàn án jẹ. Ẹrù kì í sábà wó bẹ́ǹṣì; títì ló ń wó o. Nígbàkúùgbà tí pléènì bá ń fá ojú pákó, ọwọ́ oníṣẹ́ ń ti bẹ́ǹṣì síwájú. Bí ó bá ń fi ayùn rẹ́ igi, ó ń tì í lọ, ó ń fà á bọ̀. Agbára náà kò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ó ń wá lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, ẹ̀gbẹ́ ló sì ń gbà wá, níbi tí ìṣó kò lágbára sí. Ihò ìṣó á máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá yá, bẹ́ǹṣì á máa mì, pléènì á máa fò lójú igi, ayùn á máa yà kúrò lójú ìlà. Oníṣẹ́ á rò pé ọwọ́ òun ni kò tíì mọ́ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ǹṣì ló ń jó lábẹ́ rẹ̀.

Ìdí tó fi ń mì kò ṣòro láti rí. Bí a bá fi ìṣó kọ̀ọ̀kan kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin pọ̀ di onígun mẹ́rin, tí a sì ti igun kan, gbogbo rẹ̀ yóò dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìjẹ́ pé igi kankan ṣẹ́. Èyí tí a fi igi mẹ́ta kàn di onígun mẹ́ta kò ní yẹ̀ àfi bí nǹkan bá fọ́. Nítorí náà, bẹ́ǹṣì nílò ohun tí yóò di igun rẹ̀ mú. Igi tí a gbé dábùú láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ kan lọ sí òkè èkejì yóò ṣe é. Pláíwúùdù tí a kàn mọ́ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ méjèèjì náà yóò ṣe é, òun ló sì rọrùn jù fún ẹni tí kò tíì mọ oríkèé gbẹ́. Èyí tó dára jù lọ ni ihò àti ahọ́n. A ó gbẹ́ ihò sára ẹsẹ̀, a ó gé orí igi ìdábùú di ahọ́n tó nípọn tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta igi náà, a ó fi gọ́ọ̀mù sí i, a ó sì kì í bọ ihò. Èjìká tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ahọ́n ló ń tẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tí kì í jẹ́ kó mì, ìdí nìyí tí ìdábùú tó fẹ̀ ní íǹṣì 5 fi lágbára ju ti íǹṣì 2 lọ fíìfíì. Àyálégbé tó mọ̀ pé òun yóò kó lọ́jọ́ kan lè fi bóòtù gígùn dè é dípò gọ́ọ̀mù, kí ó lè tú u kó gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Ìrì kejì wà nínú igi fúnra rẹ̀. Pákó tí a rà ní ọjà pákó Bódìjà n'Ìbàdàn lè ṣì tutù, nítorí ó lè má pẹ́ tí wọ́n là á. Omi tó wà nínú àwọn ihò kéékèèké inú igi ló kọ́kọ́ ń gbẹ, igi kì í sì í súnkì nígbà náà. Ìgbà tí omi bá kù bí ìdá 28 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo igi gbígbẹ ni èyí tó wọnú ògiri àwọn ihò náà ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ìgbà yẹn gan-an ni igi ń súnkì. Ìbú rẹ̀ ló ń dín kù. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ahọ́n tí a fi igi tútù gé, tó há mọ́ ihò pinpin nígbà òjò, á ti máa gbọ̀n nínú ihò nígbà tí ọyẹ́ bá dé. Sùúrù nìkan ló lè wo èyí. A ó to pákó síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá tí oòrùn kò pa, a ó fi igi pẹlẹbẹ sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì kun orí méjèèjì ní ọ̀dà, nítorí orí ni omi ti ń yára jáde, ibẹ̀ náà ló sì ń là. Láti mọ ìgbà tó gbẹ, a ó gbé pákó kan lé òṣùwọ̀n, a ó fi pẹ́ńsùlù kọ ìwúwo rẹ̀ sí i lára, a ó sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, omi ṣì ń jáde.

Ní ti irú igi, apá àti ìrókò wúwo, wọ́n sì le, ṣùgbọ́n owó wọn ga. Àfàrà rọrùn ún rà jù wọ́n lọ. Gmelina, tí wọ́n gbìn rẹpẹtẹ nínú igbó ọba Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn nítorí iṣẹ́ ìwé ṣíṣe, kì í súnkì púpọ̀, ó sì yẹ kí ẹni tí kò lówó ìrókò rò ó dáadáa. Arère fúyẹ́, ó rọ̀, kòkòrò ajẹgi sì fẹ́ràn rẹ̀. Kò yẹ fún ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Irú igi yòówù kó jẹ́, kí a yẹra fún èyí tó funfun lára, tó sún mọ́ èèpo, nítorí ibẹ̀ ni ikán àti kòkòrò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ara ẹni tó máa lo bẹ́ǹṣì la fi ń wọn gíga rẹ̀. Kí ó dúró ṣánṣán, kí ọwọ́ rẹ̀ rọ sílẹ̀. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ni kí òkè bẹ́ǹṣì bá dọ́gba. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó máa ń bọ́ sí íǹṣì 32 sí 36. Ẹni tó ń fi pléènì ṣiṣẹ́ jù á fẹ́ kó rẹlẹ̀ díẹ̀, kí ìwúwo ara rẹ̀ lè bá a ti pléènì. Ìbú íǹṣì 24 tó, nítorí ohun tí ọwọ́ kò bá tó lẹ́yìn bẹ́ǹṣì á di ibi ìkó-pàǹtírí-sí. André-Jacob Roubo, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Faransé tó tẹ ìwé rẹ̀ L'Art du menuisier jáde láàárín 1769 sí 1774, ya bẹ́ǹṣì kan tí pákó orí rẹ̀ nípọn gan-an, tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sì ṣe déédéé pẹ̀lú etí pákó náà. Ìṣe déédéé yẹn wúlò púpọ̀: a lè fi kíláǹpù de odindi ilẹ̀kùn mọ́ iwájú bẹ́ǹṣì, kí a sì fá etí rẹ̀. Bí a bá ń fi síkúrù so pákó orí mọ́ ìsàlẹ̀, kí ihò síkúrù gùn díẹ̀ sí ìhà ìbú, kí pákó lè ráyè wú nígbà òjò kí ó sì súnkì nígbà ọyẹ́ láìlà.

Ìtò irinṣẹ́ tẹ̀ lé e. Fáìsì ti ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún máa ń wà lápá òsì ní iwájú. Bí owó fáìsì kò bá sí, alágbẹ̀dẹ lè fi ọ̀pá irin ṣe ìdìmú tó rí kọdọrọ: a ó ki ìdí rẹ̀ bọ ihò tó fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, a ó fi òòlù onígi gbá orí rẹ̀, yóò há sínú ihò, yóò sì tẹ iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Gbígbá kan láti ẹ̀yìn ló ń tú u. Ohun tí a ń lò ní wákàtí wákàtí, bíi pẹ́ńsùlù, tépù, síkúwéà àti ṣísẹ̀lì, yẹ kó wà lára ògiri ní ibi tí ọwọ́ á dé láìgbé ẹsẹ̀. Bí a bá fi ayùn la pákó gígùn kan ní ìdagun, tí a kan ìdajì mọ́ ògiri tí ojú tó dagun kọjú sókè, tí a sì kan ìdajì kejì mọ́ ẹ̀yìn àpótí irinṣẹ́, àpótí náà yóò kọ́ síbẹ̀ dáadáa, a ó sì lè ṣí i nípò nígbàkúùgbà. Ìsàlẹ̀ bẹ́ǹṣì ni ibi ohun tó wúwo, nítorí ìwúwo yẹn ń bá bẹ́ǹṣì dúró. Kí a má ṣe gbé dúrọ́ọ̀ mọ́ abẹ́ pákó orí pátápátá. Kíláǹpù nílò àyè níbẹ̀.

Àwọn irinṣẹ́ náà ní ìrì tiwọn: irin tó tutù ní òru máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó sì ń dógùn-ún láìjẹ́ pé òjò kàn án. Fífi àkísà tó ní òróró díẹ̀ nu ṣísẹ̀lì àti pléènì lálaalẹ́ kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Eruku igi náà kò yẹ ní fífojú kékeré wò. Ti ìrókò àti ti igi mansonia ń ta imú àti awọ ara, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ láti 1995. Nítorí náà, kí bẹ́ǹṣì wà nítòsí fèrèsé, kí oníṣẹ́ bo imú, kí ó sì máa fi aṣọ tútù nu eruku dípò kó máa fẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn ọyẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó dára kí a yẹ ojú bẹ́ǹṣì wò. A ó gbé ọ̀pá títọ́ méjì tó fẹ̀ dọ́gba, ọ̀kan sí orí kan, èkejì sí orí kejì, a ó bẹ̀rẹ̀, a ó sì fi ojú wọ̀n wọ́n. Bí òkè wọn kò bá dọ́gba, bẹ́ǹṣì ti lọ́. Pléènì tí a fá ní ìdagun láti igun dé igun ni yóò mú un tẹ́jú, kí a tó fi òróró linseed pa á. Kí a tẹ́ àkísà tí a fi pa òróró náà sílẹ̀ gbalaja níta títí yóò fi gbẹ, nítorí èyí tí a ká jọ sí igun ṣọ́ọ̀bù lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná.