Ògiri Ọ̀gá Kọ́ Ni Ká Máa Fò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ gbọ́ o! A ò bá torrent jà. Bram Cohen ló gbé e jáde ní 2001, Ubuntu náà sì ń fi pín iṣẹ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Tí firewall bá ti port pa, àwọn tó ní fáìlì ò lè kàn sí yín, àfi kẹ́ ẹ máa wá wọn kiri. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó falẹ̀. Tó bá jẹ́ router ilé yín ni, ẹ ṣí port kan, a ò ní bi yín. Ti ibi iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ fi VPN yọ́ kọjá ògiri tí ọ̀gá mọ, ẹ ń fi dátà tó fowó rà fa fíìmù olóhun, ẹ wá ń pè é lọ́gbọ́n. Ọgbọ́n wo? Olè ni! Íméèlì lásán ò sì ṣí mọ́ fún àwọn tẹ́ ẹ jọ ń lò ó.