Ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ àgbà, ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó

Ó wọ́pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù màmá láti báńkì, kò yé wọn, wọ́n ké sí ọmọ. Ọmọ gba fóònù lọ́wọ́ wọn, ó tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà, ó dá a padà: "Mo ti bá yín ṣe é, Mà." Iṣẹ́ parí, àmọ́ màmá ò mọ ohun tí ọmọ tẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá dé lọ́la, wọn yóò tún ké sí i.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń sọ pé àgbà ò lè kọ́ ẹ̀rọ ìgbàlódé. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ṣáájú ìgbà náà, ìwọ̀nba ilé díẹ̀ ló ní tẹlifóònù NITEL. Ẹni tó jẹ́ ẹni ọdún 45 nígbà yẹn ti dàgbà báyìí. Òun náà ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń ha káàdì ìpè, bí wọ́n ṣe ń tẹ nọ́ńbà gbọọrọ sínú fóònù àti bí wọ́n ṣe ń "flash" ènìyàn. Nígbà tí Glo dé lọ́dún 2003, tó ń ṣírò owó ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá, kíá ló ti mọ èyí tó dín owó kù fún un. Kò sí iléèwé kankan tó kọ́ ọ.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà nítòsí. Lẹ́yìn tí báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà, owó bébà wọ́n bí ojú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ìyálọ́jà tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé owó ọwọ́ nìkan lòun ń gbà, ló kọ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ sára páálí, tó gbé e kọ́ iwájú ìsọ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà. Owó bébà padà sọ́jà, àmọ́ ọ̀pọ̀ páálí wọ̀nyẹn ò kúrò níbẹ̀. Àwọn tí kò rí ẹni kọ́ wọn ló ń tò sí báńkì láti ìdájí, tàbí tí wọ́n ń fi owó ra owó lọ́wọ́ oní POS.

Ohun tó ya ọ̀dọ́ àti àgbà sọ́tọ̀ kọjá ọpọlọ. Ọ̀dọ́ ń fi títẹ̀ kọ́ nǹkan, torí bó bá ṣì í tẹ̀, kò pàdánù ohun púpọ̀. Àgbà mọ̀ pé nọ́ńbà kan péré tóun bá ṣì tẹ̀ lè gbé owó oṣù òun lọ sí àkáǹtì ẹni tí òun ò mọ̀ rí. Tún wá fi ojú tó ti ń bàìbàì, lẹ́tà kéékèèké àti app tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan kún un. Ìbẹ̀rù wọn nídìí.

Ewu ńlá sì wà nínú kí ọmọ máa gba fóònù ṣe é. Kó tó lè ṣe é, ó gbọ́dọ̀ mọ PIN. Bí OTP bá wọlé, màmá ni yóò kà á sí i létí. Báńkì ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ síta, àmọ́ nínú ilé, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí gbájúẹ̀ bá pè, tó ní òṣìṣẹ́ báńkì lòun, ohun tó ti mọ́ màmá lára náà ni wọn yóò ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti kọjá owó nìkan. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 tí ìjọba ti ní kí gbogbo ènìyàn so NIN mọ́ nọ́ńbà fóònù, ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ti ń wọnú fóònù díẹ̀díẹ̀. Àjọ PTAD pàápàá ti gbé ètò "I Am Alive" kalẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tó ń gba owó lọ́dọ̀ rẹ̀ lè fi hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn ṣì wà láàyè. Kò yẹ kó jẹ́ pé ọmọ àdúgbò ni yóò máa bá bàbá jẹ́rìí pé wọn ò tíì kú.

Àwọn ọ̀dọ́ náà ò sì mọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí MMM ti owó pa ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, àti nígbà tí CBEX dojú dé ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, àwọn tó mọ app tẹ̀ dáadáa wà lára àwọn tó fara gbá. Ìbéèrè àgbà ni wọn ò bèèrè: iṣẹ́ wo ni owó yìí ń ṣe tó fi ń bí sí i tó báyìí? Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Kíkọ́ àgbà ò le. Kí fóònù wà lọ́wọ́ wọn, kí ìka tiwọn máa tẹ̀ ẹ́. Kí ọmọ fi lẹ́tà fóònù sí ńlá, kó kọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ní Yorùbá. Kí màmá fi 100 náírà ránṣẹ́ sí ọmọ, kí ọmọ dá a padà, títí ẹ̀rù yóò fi kúrò. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè OTP, olè ni, kódà kó dárúkọ báńkì.

Àwọn báńkì náà níṣẹ́ ṣe. Ní Ghana, orí fóònù kékeré tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń lo Mobile Money tí MTN bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2009. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá pe ilé iṣẹ́ fóònù lè gbọ́ ìdáhùn ní Yorùbá, Hausa, Igbo tàbí Pidgin. Kí ló dé tí app báńkì ò lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Àgbà tí ojú tàbí ìrántí rẹ̀ ò gbé e mọ́ nílò olùrànlọ́wọ́, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kó yan ẹni náà. Ní ti àwọn yòókù, ọmọ tó ní òun ò ráyè kọ́ ìyá òun yẹ kó ṣírò iye ìgbà tí wọ́n ti pè é lórí ọ̀rọ̀ kan náà lóṣù yìí. Nígbà tí òun ń kọ́ ìrìn, wọn ò torí pé ó ń pẹ́ gbé e pọ̀n títí ayé.